Kókó Kan Lára Okùn

Nígbà tí bàbá wa kú ní Wairapáta,
a ò bá góòlù, a ò bá ìwé ilé.
A bá àgùntàn mẹ́rìnlá, ọ̀kan yarọ;
a bá ebè ànàmọ́ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè
bí ọmọ tí ń bẹ̀rù kó má jábọ́ lẹ́yìn ìyá.

Fèlísímò, ẹ̀gbọ́n mi, ti mú ẹni tó fẹ́ rà á wá.
Ó ní, "Ta ni yóò padà wá máa bá yìnyín du ànàmọ́?"
Mi ò dá a lóhùn. Èmi náà, Límà ni mo ti ń jẹun,
aṣọ ilé-ìwé ni mo ń rán nínú yàrá tí kò ní fèrèsé,
mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú.

Ìyá wa, Elóhíà, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò,
ó yọ okùn kan lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
okùn irun àlìpákà, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú.
"Nẹ́lídà, tìrẹ nìyí."
Kókó kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀.

Mo mọ okùn náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílé wa?
Bàbá mi ò mọ̀wé; okùn ni ìwé rẹ̀.
Bí aládùúgbò bá wá bá a ṣàáró lọ́jọ́ kan,
á ta kókó kan. Bó bá lọ san án lóko onítọ̀hún,
á tú u lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.
Mo rántí ọdún tí ibà dá a dùbúlẹ̀:
ó fi ọkọ́ ṣe ọ̀pá, ó ń gbọ̀n, ó ń lọ.
Ìyá mi figbe ta. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan:
"Lọ́jọ́ tí Melitọ́ọ̀nù wá, òjò ń rọ̀. Ṣé ó sọ pé òjò ń rọ̀?"
Ìyẹn nìkan ni.
Kò fìgbà kan pè wá jókòó kó ní, ẹ máa ṣòótọ́.

"Ti ta ni kókó yìí, ìyá?"
"Ti Melitọ́ọ̀nù."
"Ṣebí ó ti kú."
"Bàbá rẹ náà ti kú. Ṣé kókó tú?"

Ọmọ kan ni Melitọ́ọ̀nù fi sílẹ̀ lókè lọ́hùn-ún,
Asúńtà, opó, tí ojú rẹ̀ kan ti ń ṣú.
Mo gbé ọkọ́ bàbá mi. Èkù rẹ̀ ti jẹ
níbi tí àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà;
tèmi rì sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà.

Ṣé kí n purọ́? Mi ò ṣe dáadáa.
Mo fi ọkọ́ ṣá ànàmọ́ méje, mo kà wọ́n.
Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọwọ́ mi ti lé ròrò,
atẹ́gùn òkè kọ̀, kò wọ àyà mi mọ́.
Asúńtà ń rẹ́rìn-ín:
"Ọmọ Satunínò, abẹ́rẹ́ ti bà ọ́ jẹ́."
Síbẹ̀, kò ní kí n lọ sinmi.
Ó mọ ohun tí mo wá san; kò fi àánú gé e kù.

Lálẹ́, mo jókòó ti okùn náà.
Ọdún méjì tí bàbá mi ò lè gun òkè mọ́
ti sọ kókó di egungun. Èékánná mi ya.
Ìyá mi ò ràn mí lọ́wọ́, ó ń bó ànàmọ́.
Nígbà tó tú, ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́.
Ìyá ní, "Jẹun."

Ní ìdájí, níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì
lábẹ́ igi yúkálì,
Asúńtà sọ̀kalẹ̀ wá, ó pọn àpò kan sẹ́yìn,
ànàmọ́ elésè àlùkò,
àwọn méje tí mo ṣá ló wà lókè pátápátá.
"Ti àwọn ọmọ ní Límà."
Bọ́ọ̀sì ti fun fèrè. Mi ò ráyè bá a jiyàn.

Fèlísímò ṣì ń pè mí nítorí ilẹ̀.
Okùn wà lórí ìṣó lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi,
ọmọ mi rí kókó tuntun, ó ní kí ni mo ta á sí.
Mo ní kó wá bá mi ka owó ọkọ̀.
Ní oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n bá ń wa ànàmọ́,
àwa méjèèjì là ń lọ.